Ọ̀já Tí A Fi Ń Gbé Màmá

Oṣù Kẹta, ọjọ́ kẹrin, Ọjọ́rú

Ẹ̀rọ náà dé lónìí. Ọkùnrin méjì ló tì í wọlé, wọ́n fi ha ọ̀dà ara ilẹ̀kùn mi, wọn ò sì bẹ̀bẹ̀. Irin funfun gbọọrọ ni, ọrùn rẹ̀ gùn, ó nà án síwájú bí aládùúgbò tó ń yọjú wo inú ìkòkò ọbẹ̀ ẹni. Láti ìgbà tó ti wọlé ni mi ò ti fọkàn tán an.

Nọ́ọ̀sì bá a wá, obìnrin kan tó lo awò ojú, tí sùúrù rẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá ní sùúrù tó báyẹn, ó ní ohun tó ń wá. Ó kó wa jọ sí yàrá Màmá: èmi, àbúrò mi obìnrin tó tọrọ àyè níbi iṣẹ́ rẹ̀, àti obìnrin tí àbúrò mi gbà síṣẹ́ láti máa wá ràn mí lọ́wọ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó fi hàn wá bí a ó ṣe máa yí Màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí a ó ti ọ̀já sábẹ́ ẹ̀yìn wọn, tí a ó fa ẹsẹ̀ ọ̀já gba abẹ́ itan wọn, tí a ó wá fi etí ọ̀já mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ́ orí irin. Èmi ni mo ń pè é ní ọ̀já o. Orúkọ tí òun pè é gùn ju ọ̀já náà lọ.

Ó ní ẹni méjì ni kó máa gbé wọn nígbà gbogbo. Ó ní tí ara wọn bá ti kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì bí ìbú àtẹ́lẹwọ́, ká dúró, ká yẹ etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, ká tó gbé wọn lọ sórí àga. Mo ní a ti gbọ́.

Nígbà tí ẹ̀rọ gbé Màmá sókè, tí ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ń mì dìrọdìrọ, àyà mi já. Àwọn fúnra wọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì wọn ni ọ̀rọ̀ ti ń wúwo lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n àpárá ò tíì wúwo. Wọ́n ní, "Bàbá yín ò gbé mi báyìí rí, àní lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ọkọ tuntun rèé!" A rẹ́rìn-ín títí. Orúkọ ẹ̀rọ náà nìyẹn: Ọkọ Tuntun.

Kí Nọ́ọ̀sì tó lọ ló wá sọ ohun tó bá wá. Láàárín oṣù tó ń bọ̀, òun máa padà wá wò wá. Tí òun bá rí i pé a lè máa gbé Màmá láìsí ewu, kí wọ́n máa wà nílé. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òun máa sọ fún wọn ní ọsibítù pé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló yẹ wọ́n. Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀, àbúrò mi wolẹ̀. Mo rí i. Òun ló kọ́kọ́ dárúkọ ilé ìtọ́jú yẹn lóṣù tó kọjá, nígbà tí èmi àti Màmá jọ ṣubú ní balùwẹ̀ tí ẹ̀yìn mi fi yẹ̀. Màmá ò ní lọ síbì kankan níṣojú mi. Ìfura loògùn àgbà, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Ọjọ́ kẹfà

Obìnrin tó ń ràn mí lọ́wọ́ yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún. Mo máa wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ní pálọ̀, mo máa gbójú sókè, ó ti dúró sẹ́yìn mi. "Ẹ káàárọ̀, Àǹtí." Abẹ́rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gún mi lọ́wọ́. Mo ti sọ ọ́ ní Ẹlẹ́sẹ̀ Òwú. Èèyàn tí kì í bínú, tí kì í ṣàròyé, tí kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kí ló ń bò mọ́lẹ̀?

Mo fi ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ fa ìlà yí táyà Ọkọ Tuntun ká lórí ilẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sún un nígbà tí mi ò sí nítòsí, màá mọ̀.

Ọjọ́ keje

Ìlà ṣọ́ọ̀kì ti parẹ́. Ẹlẹ́sẹ̀ Òwú ló gbálẹ̀. Ó ní òun rò pé ẹrẹ̀ ni.

Ọjọ́ kẹsàn-án, Ọjọ́ Ajé

Ẹ̀yìn ọrùn Màmá pọ́n, ó sì ń yún wọn. Mo yẹ ọ̀já wò, mo bá rí i: lébẹ́ẹ̀lì líle kan tí wọ́n rán mọ́ etí rẹ̀ lápá òkè, tí wọ́n kọ nǹkan wínníwínní sí tojú-tẹ̀yìn. Ta ló ń rán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ibi ọrùn? Kò sí aṣọ tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ tí mi ò kọ́kọ́ gé lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Mo fi sísọ́ọ̀sì mi gé e mọ́lẹ̀ féú, mo jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Ní ìrọ̀lẹ́ Màmá ní ó ti dáa.

Ẹlẹ́sẹ̀ Òwú bi mí pé, "Àǹtí, lébẹ́ẹ̀lì yẹn ńkọ́?" Ojú rẹ̀ yára o. Kí ló kàn án pẹ̀lú lébẹ́ẹ̀lì?

Ọjọ́ kejìlá

Òjò látàárọ̀. Aṣọ kankan ò gbẹ. Owó òwú tún ti lọ sókè.

Ọjọ́ kẹtàlá, Ọjọ́ Ẹtì

Láàárọ̀ yìí, a to Màmá sínú ọ̀já tán, a tẹ rìmóòtù, Ọkọ Tuntun ò dáhùn. A tún un tẹ̀. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Mo wo Ẹlẹ́sẹ̀ Òwú. Mo ní, "Ta ló yọ bátìrì yìí kúrò lójú ṣáàjì?" Ó ní kò sẹ́ni tó yọ ọ́, iná rẹ̀ ṣì ń tàn. Ó fọwọ́ kan bọ́tìnnì pupa kan lára ọ̀pá rẹ̀, ó yí i, ẹ̀rọ sì jí. Bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ tí ewu bá dé ni, ó ní ẹnì kan ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ẹnì kan! Báwo ló ṣe tètè mọ ibi tó wà? Ẹni tó bá fi nǹkan pamọ́ ló ń tètè rí i. Lóòótọ́, mo gbé ẹ̀wù oníbàárà kan kọ́ ọrùn ẹ̀rọ náà ní àná kó lè nà dáadáa, ẹ̀wù gígùn tó wọ́ dé ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀wù kì í tẹ bọ́tìnnì.

Màmá ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ó rẹ ọkọ mi ni."

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ìgbẹ́ gbuuru ń yọ Màmá lẹ́nu láti àná. Ó ba gbogbo nǹkan jẹ́, títí kan ọ̀já. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, àmì rẹ̀ ò lọ. Mi ò lè rí àbàwọ́n lára aṣọ kí n sùn. Mo rẹ ẹ́ sínú omi bílíìṣì láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ó jáde funfun bí lékeléke. Mo wá gbé e sí iwájú ẹ̀rọ amúlé-gbóná nítorí òjò ò jẹ́ kí oòrùn yọ. Kí Ẹlẹ́sẹ̀ Òwú tó dé nírọ̀lẹ́, ó ti gbẹ.

Ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀. A gbé Màmá, a dúró díẹ̀ bí Nọ́ọ̀sì ṣe ní ká máa dúró, òun ń yẹ etí ọ̀já wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àfi bó ṣe yọ fóònù rẹ̀, tó ya àwòrán! Mo ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Ó ní, "Àǹtí, mo kàn fẹ́ fi han ẹnì kan ni." Mo ní, "Ta ni ẹnì kan?" Ó ní kí n jọ̀ọ́, ká kọ́kọ́ gbé Màmá kalẹ̀. Mo ní mi ò ní í gbé ẹnikẹ́ni kalẹ̀ títí màá fi gbọ́ orúkọ. Ó kàn ń wo okùn etí ọ̀já. Ó pẹ́ díẹ̀ tí Màmá fi wà lókè bẹ́ẹ̀ kí n tó tẹ rìmóòtù.

Wọ́n ń kó ẹ̀rí jọ. Ohun tí àwòrán wà fún nìyẹn. Wọ́n fẹ́ fi han Nọ́ọ̀sì pé ilé mi ò dáa.

Ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo ti gbọ́ ọ báyìí. Mo lọ gbé omi ní kíṣìnnì, Ẹlẹ́sẹ̀ Òwú wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Rárá, wọn ò tíì mọ̀. Ẹ má tíì sọ fún wọn. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dé ná." Bó ṣe rí mi, ó ní, "Ó dàbọ̀, ma," ó pa á.

Mo pe àbúrò mi lójú ẹsẹ̀. Fóònù rẹ̀ ò gbà, ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ṣé ó tún kù kí wọ́n fi orin sọ ọ́ fún mi? Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Kí ni wọ́n ń retí tó máa dé? Mọ́tò ilé ìtọ́jú ni.

Ọjọ́ kẹtàlélógún, Ọjọ́ Ajé

Etí kan lára ọ̀já, èyí tó wà ní èjìká òsì, ti ń tú. Fọ́nrán rẹ̀ ti ń yọ bí irun imú arúgbó. Ọ̀já tí kò tíì lo oṣù kan! Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Mo gbé e lọ sábẹ́ iná, mo wò ó dáadáa bóyá abẹ ni wọ́n fi gé e. Mi ò rí ojú abẹ, ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n ò ní í gé e tán, ó máa ha á lásán ni.

Nígbà tí Ẹlẹ́sẹ̀ Òwú wà ní balùwẹ̀, mo yẹ báàgì rẹ̀ wò. Búrẹ́dì, ìpara ọwọ́, ìbọ̀sẹ̀ méjì. Ìbọ̀sẹ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dún. Kò sí abẹ. Ẹni tó bá mọ̀ pé mo máa yẹ báàgì òun wò ò ní í fi abẹ síbẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo rán etí ọ̀já náà láàárọ̀ kó tó dé. Òwú tí mo fi ń rán báàgì aláwọ ni mo lò, mo fi abẹ́rẹ́ tó nípọn jù lọ gbà á lọ, gbà á bọ̀, mo tún rán àwọn igun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Tí erin bá jókòó sínú rẹ̀, erin ló máa kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lóṣù yìí. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

A gbé Màmá. A dúró. Ẹlẹ́sẹ̀ Òwú rí ojú ìránṣọ mi. Ohùn rẹ̀ yí padà.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ wọ́n kalẹ̀."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Wọn kì í rán ọ̀já tó bá ti ń tú. Wọ́n máa ń jù ú nù ni."

"Ta ni 'wọn'? Ìgbà wo ni wọ́n wá sílé mi?"

"Àwọn tó kọ́ mi níṣẹ́ ni, Àǹtí."

"Mo ti ń ránṣọ kí wọ́n tó bí ẹ! Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi ní òwú?"

"Mi ò sọ pé òwú yín ò dáa."

"Kí lo wá ń sọ? Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u ni kò ní fẹ́ kí n rán an!"

Ó já a gbà lọ́wọ́ mi. Rìmóòtù ni mò ń wí. Ó sọ Màmá kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó yọ etí ọ̀já mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò lórí ìkọ́, ó fi aṣọ bo ẹsẹ̀ wọn. Ó ní òun ò ní í fi ọ̀já yẹn gbé wọn. Mo ní, "Tó ò bá lè ṣe é, ilẹ̀kùn rèé." Ó kí Màmá pé ó dàbọ̀, ó lọ. Ìyẹn náà, mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Màmá ò dá àpárá kankan ní gbogbo ọjọ́. Mo rò pé ìgbẹ́ gbuuru yẹn ni kò tíì lọ tán.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Àbúrò mi pè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó padà wá. Ẹ má gbé Màmá sókè, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà lórí bẹ́ẹ̀dì títí màá fi dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta." Mo ní kí Màmá máa wà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ̀yìn wọn lè dégbò, kí Nọ́ọ̀sì lè rí egbò náà, àbí? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ń ṣe yín gan-an?" Mo pa fóònù.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Ọjọ́ Ẹtì

Mo fẹ́ kọ ọ́ báyìí, nítorí tó bá di ọ̀la, mo lè má kọ ọ́ mọ́.

Oòrùn yọ láàárọ̀ yìí. Màmá ní àwọn fẹ́ jókòó létí fèrèsé. Èmi nìkan ni mo wà nílé. Mo yí wọn, mo ti ọ̀já sábẹ́ wọn, ẹ̀yìn mi ń han mí léèmọ̀, mo fi etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ́ irin, mo tẹ rìmóòtù. Bí wọ́n ṣe kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì díẹ̀, mo fẹ́ máa gbé wọn lọ. Màmá ní, "Dúró ná." Mo ní, "Màmá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Wọ́n ní, "Mo ní kó o dúró." Mo dúró. Ibẹ̀ ni ọ̀já ti ya.

Ó dún bí ìgbà tí èèyàn fa aṣọ ya ní ṣọ́ọ̀bù. Èjìká òsì wọn lọ sílẹ̀, orí wọn tẹ̀ lé e, wọ́n ṣubú padà sórí bẹ́ẹ̀dì, irin ìkọ́ sì fì wá, ó gbá wọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo pariwo. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn la ojú sílẹ̀, wọ́n ń wo àjà.

Egungun wọn ò ṣẹ́. Mo fọwọ́ tẹ gbogbo ibi tí mo lè tẹ̀, wọ́n ní kò dùn wọ́n. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti wú. Ká ní mo ti gbé wọn dé àárín yàrá ni, orí sìmẹ́ǹtì ni wọn ì bá balẹ̀ sí. Ká ní wọn ò sọ pé kí n dúró ni, ìyá mi ì bá ti kú sí mi lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí oòrùn yọ.

Mo ti yẹ ọ̀já náà wò. Òwú mi ò já. Kò tilẹ̀ rọ̀. Aṣọ ló ya, níbi tí abẹ́rẹ́ mi gbà gan-an, ihò dé ihò, bí ìgbà tí wọ́n fa tíkẹ́ẹ̀tì já lára ìwé rẹ̀. Mo fi èékánná fa ibòmíràn níbi tí mi ò rán, ìyẹn náà tú bí òwú ìdọ̀tí. Mo mọ irú aṣọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí bílíìṣì àti iná bá ti jẹ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí oníbàárà bá gbé e wá, èmi ni mo máa sọ fún un pé kò ṣeé rán mọ́. Kò sẹ́ni tó gé e. Èmi ni.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Àbúrò mi dé láàárọ̀, Ẹlẹ́sẹ̀ Òwú bá a wá, wọ́n gbé páálí kan dání. Ọ̀já tuntun ló wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń retí kó dé nìyẹn. Látìgbà tí bílíìṣì ti kan èyí àkọ́kọ́ ni Ẹlẹ́sẹ̀ Òwú ti fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi pé kó wá òmíràn.

Mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ò fi sọ fún mi?"

Wọ́n wo ara wọn. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló tó sọ fún yín pé ẹ ba aṣọ jẹ́? A rò pé tó bá dé, a máa pààrọ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́, kò ní í di ìjà."

Ó wá rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún bó ṣe máa ń sunkún ní kékeré, tó máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Mo ń dúró kó bú mi. Ohun tó sọ ni pé, "A ò ní í sọ fún Nọ́ọ̀sì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn á ti jiná kó tó dé."

Mo ní, "Ṣebí ìwọ lo fẹ́ kí wọ́n lọ sílé ìtọ́jú?"

Ó ní, "Ẹ̀yin ni mo ń rò! Ẹ ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà yẹn, ẹ̀ ń rìn bí akàn. Mo ní kẹ́ ẹ má lọ kú mọ́ Màmá. Ṣé mo ní ìyá méjì ni, àbí ẹ̀gbọ́n méjì?"

Mi ò mọ ibi tí màá fi ojú sí. Mo mú ọ̀já tuntun, mo ń ka lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ẹ má fi bílíìṣì fọ̀ ọ́. Ẹ má gbé e síbi iná. Tó bá ti ń tú, ẹ má rán an, ẹ jù ú nù. Ẹ má gé lébẹ́ẹ̀lì yìí.

Ẹlẹ́sẹ̀ Òwú ní òun máa padà síṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní, "Ẹ má bínú o. Tí Nọ́ọ̀sì bá bi mí, mi ò ní í purọ́ fún un." Ara mi gbóná. Mo fẹ́ sọ pé mo mọ̀, pé ọ̀dàlẹ̀ ni. Kò jáde. Obìnrin tó kọ̀ láti fi ọ̀já jíjẹrà gbé ìyá mi, kí ni mo fẹ́ kó wá purọ́ sí?

Oṣù Kẹrin, ọjọ́ keje

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá ti ń lọ sílẹ̀, àmì rẹ̀ ló kù. Tí n bá fi àtíkè díẹ̀ kùn ún, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo mú àtíkè náà lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí. Mo tún gbé e sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹwàá

Mi ò rí oúnjẹ jẹ. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n lè gbé wọn lọ. Tí mi ò bá sọ ọ́, mo máa wà nínú ilé yìí pẹ̀lú ẹni tí mi ò lè fọkàn tán, mi ò sì lè lé e jáde: èmi fúnra mi.

Ọjọ́ kẹrìnlá, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Kí Nọ́ọ̀sì tó yọ bàtà ni mo ti gbé ọ̀já tó ya lé e lọ́wọ́. Mo sọ fún un láti orí lébẹ́ẹ̀lì dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá. Àbúrò mi bojú. Ẹlẹ́sẹ̀ Òwú dúró sẹ́bàá ògiri.

Nọ́ọ̀sì ò pariwo. Ó na ibi tó ya, ó wò ó pẹ́. Ó bi wá ní ìbéèrè, ó ní ká gbé Màmá kí òun rí i, a fi ọ̀já tuntun gbé wọn lọ sórí àga. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. "Àǹtí, ṣé ẹ ti wọ inú ẹ̀ rí?"

Mo ní kí lèmi máa wá débẹ̀? Ó ní gbogbo ẹni tó bá máa gbé èèyàn, ó dáa kó mọ bó ṣe rí. Ó ní kí n dùbúlẹ̀. Mo dùbúlẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ Òwú àti àbúrò mi ti ọ̀já sábẹ́ mi, wọ́n kọ́ etí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé rìmóòtù sí ọwọ́ ọ̀tún Màmá. Màmá tẹ̀ ẹ́.

Bẹ́ẹ̀dì kúrò lábẹ́ mi. Ọ̀já fún mi nítan, orúnkún mi súnmọ́ àyà, ọwọ́ mi ò rí nǹkan dì mú. Ara mi ń yí díẹ̀díẹ̀, mi ò sì lè dá a dúró. Mo ń wo ọwọ́ Ẹlẹ́sẹ̀ Òwú, mo ń wo ìkọ́, mo tún ń wo ọwọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ó ti tó. Màmá, ẹ sọ mí kalẹ̀."

Màmá ò tẹ nǹkan kan. Wọ́n ní, "Dúró níbẹ̀ ná."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ibi tó o wà yẹn ni mo máa ń wà tẹ́ ẹ bá ń jà." Wọ́n rọra ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni tó ń gbé ẹrù. "O máa ń wo ọwọ́ ẹni yìí. Ẹni yìí máa ń wo okùn. Kò sẹ́ni tó ń wo ojú mi."

Mo ní, "Ẹ̀rù ń bà yín? Ẹ ò sọ fún mi."

"Ojoojúmọ́ ni. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́." Wọ́n sinmi díẹ̀. "Báwo ni màá ṣe sọ ọ́? Tí mo bá ní ẹ̀rù ń bà mí, o máa wá ẹni tó fà á, o máa lé e lọ."

Omijé ń bọ́ lójú mi, mi ò sì lè nù ún nítorí ọ̀já ká mi lápá. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màmá, ó bi wọ́n pé ibo làwọn gan-an fẹ́ máa gbé. Ìgbà yẹn ló yé mi pé láti oṣù kejì tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

Wọ́n ní, "Ilé mi ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tún jà nígbà tí mo wà lókè, ẹ gbé mi lọ."

Wọ́n wá tẹ rìmóòtù, mo sọ̀ kalẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa wà nílé. Òun á máa yọjú lóṣooṣù. Ó mú ọ̀já tó ya lọ.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

A gbé Màmá láàárọ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ Òwú ló wà nídìí ìkọ́, mi ò wo ọwọ́ rẹ̀. Ojú Màmá ni mo wò láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rù wà níbẹ̀ lóòótọ́, gbangba, bí ẹni pé kò fara pamọ́ rí. Nígbà tí wọ́n rí i pé mò ń wò wọ́n, wọn ò dá àpárá kankan. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún wọn sí mi, mo dì í mú títí wọ́n fi jókòó.